Ọmọ Tí Kò Bá Jọ Ṣòkòtò, Á Jọ Kíjìpá: Ohun Tí Ọmọ Ń Gbà Lọ́wọ́ Bàbá àti Ìyá

   Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yín gan-an ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo gbé wá lálẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì sí ilé tí kò kàn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun jáde, tí ìyá ọkọ ń wo iwájú orí, tí ìyá ìyàwó ń wo imú àti etí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Báwo ni ọmọ ṣe ń jọ ṣòkòtò? Báwo ló ṣe ń jọ kíjìpá? Kí ló dé tí tọkọtaya tí ara wọn le koko fi lè bí ọmọ tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló ń gbé? Kí ló dé tí ènìyàn dúdú méjì fi lè bí àfín? Ìdáhùn kan náà ló wà fún gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, òun la ó sì jọ yẹ̀ wò lálẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló para pọ̀ di ara ènìyàn. Nínú wọn ni ìtọ́ni wà, èyí tó ń sọ fún ara bí yóò ṣe mọ ohun gbogbo tó nílò. Ìtọ́ni kan wà fún àwọ̀ ara. Ọ̀kan wà fún irú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan wà fún hìmóglóbìn, ohun tó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, tó ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú káàkiri ara. Irú ìtọ́ni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní jíìnì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin nìyí: méjì méjì ni púpọ̀ jù lọ nínú àwọn jíìnì wa. Ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ ìyá wá.

Ṣé méjèèjì máa ń rí bákan náà? Rárá. Jíìnì kan náà lè wà ní oríṣiríṣi, oríṣi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pè ní álíìlì. Oríṣi náà lè pọ̀ kárí ayé, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo kò lè ní ju méjì lọ, nítorí bàbá kan ló bí i, ìyá kan ló bí i.

Ẹ fojú inú wò ó báyìí. Bàbá di hóró àgbàdo méjì mú lọ́wọ́, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Ìyá náà di méjì mú. Nígbà tí oyún fẹ́ dúró, bàbá mú ẹyọ kan láìwò, ìyá náà mú ẹyọ kan láìwò, wọ́n kó o lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ ti ní méjì tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó lọ hóró náà. Kò sí ẹni tó pò wọ́n. Funfun ṣì funfun, pupa ṣì pupa, odindi ni wọ́n wà lọ́wọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá sì fẹ́ bímọ tirẹ̀, òun náà á mú ẹyọ kan láìwò.

Pé wọn kì í pò pọ̀ yìí, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣìnà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n rò pé ńṣe ni ti bàbá àti ti ìyá ń dà pọ̀ mọ́ra lára ọmọ. Ó sì jọ òótọ́, àbí? Bàbá ga, ìyá kúrú, ọmọ wà láàárín. Ẹni tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ni Gregor Mendel, ẹni tó ń gbé ilé àwọn mọ́ńkì ìjọ Àgùdà ní ìlú Brno, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Czech lónìí. Láti ọdún 1856 ló ti ń gbin irú ẹ̀wà kan tí àwọn òyìnbó ń jẹ sínú ọgbà ibẹ̀. Ó mú èyí tí hóró rẹ̀ rí roboto, ó mú èyí tí hóró rẹ̀ hun jọ, ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì bí ọmọ. Gbogbo ọmọ ló rí roboto. Ènìyàn á rò pé èyí tó hun jọ ti parẹ́ nìyẹn. Mendel kò dúró níbẹ̀. Ó tún gbin àwọn ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n so, èyí tó hun jọ tún yọjú láàárín àwọn ọmọ-ọmọ. Bí ẹ bá kó mẹ́rin jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mẹ́ta á rí roboto, ẹyọ kan á hun jọ. Níbo ló ti wà látìgbà yẹn? Ara àwọn roboto yẹn ló sá pamọ́ sí, kò dín, kò yingin. Wọ́n tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1866, ṣùgbọ́n àwọn tó kà á sí kò tó nǹkan. Mendel kú ní 1884. Ó di ọdún 1900 kí àwọn onímọ̀ mìíràn tó rí ohun kan náà, tí wọ́n sì gbà pé ó ti sọ ọ́ ṣáájú wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé wa. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ álíìlì ti kan àwa Yorùbá tó ti jẹ́nótáìpù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ́ gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí láyé ìsinsìnyí ti gbọ́ AA, AS, SS rí. Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló dé tó fi jẹ́ lẹ́tà méjì? Kí ló dé tí kì í ṣe ẹyọ kan, tí kì í ṣe mẹ́ta? Álíìlì méjì náà ni. Lẹ́tà kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, lẹ́tà kan ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Ẹni tó bá ní òun jẹ́ AS, ìtàn bàbá àti ìyá rẹ̀ ló ń sọ yẹn.

Álíìlì A ń jẹ́ kí ara ṣe hìmóglóbìn tó yè kooro. Ti S yàtọ̀ sí ti A níbi kékeré kan. Nínú gbogbo gígùn ìtọ́ni náà, ẹyọ ibì kan ṣoṣo ló yí padà. Láàárín 1956 sí 1957 ni Vernon Ingram, tó ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ́ka sí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà gan-an lára hìmóglóbìn. Ìyàtọ̀ bíńtín, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tí hìmóglóbìn S bá ti já afẹ́fẹ́ tó gbé sílẹ̀, ó máa ń so kọ́ra wọn, á wá tẹ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ kì í rọra kọjá nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín. Á há. Ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀: egungun ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, àyà. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ AA a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í sábà lò ju 20 ọjọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń tán lára rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú. Àìsàn yìí ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó bá ti tọ́jú ọmọ tó ní in mọ ìdí orúkọ náà.

Ẹni tó wá jẹ́ AS ńkọ́? Ṣé ìdajì àìsàn ló wà lára tirẹ̀? Rárá o. AS kì í ṣe àìsàn. Mo tún un sọ, AS kì í ṣe àìsàn. Hìmóglóbìn A tó wà lára rẹ̀ pọ̀ ju S lọ díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí S ráyè so kọ́ra wọn. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń gun òkè, kì í sábà sí ohun tó ń ṣe é. Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ pé àwọn kan ń wo ọ̀dọ́ tó jẹ́ AS bí ẹni tó lábùkù. Kò lábùkù kankan.

Mo ti dúró ti ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí rí. Ó fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa kí hìmóglóbìn inú rẹ̀ lè jáde. Ó fi ẹ̀kán bíńtín kan sí etí pépà funfun pẹlẹbẹ kan. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kù náà tẹ̀ lé e, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó sì fi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tó ti mọ̀ dájú pé AS ni sí ìkángun, kó lè fi wé ti àwọn yòókù. Ó gbé pépà náà sínú àpótí tí omi àyẹ̀wò wà ní ìhà méjèèjì rẹ̀, ó wá tan iná mànàmáná sí i. Hìmóglóbìn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí pépà. A ló yára jù. S ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó pa iná, tó fi aró pupa kùn ún, gbogbo rẹ̀ hàn kedere. Ti ẹni tó jẹ́ AA, ilà kan ló wà níwájú. Ti SS, ilà kan lẹ́yìn. Ti AS, ilà méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, pépà funfun sì wà láàárín wọn. Èyí tó wú mi lórí jù nìyẹn. Ti bàbá rèé, ti ìyá rèé, kò sí èyí tó wọnú èkejì. Ohun tí Mendel fi ẹ̀wà wá kiri nínú ọgbà, òun ni mo rí lórí pépà yẹn.

Ẹ bá mi ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná jù báyìí. Ọkùnrin AS fẹ́ obìnrin AS. Kí ni ọmọ wọn lè jẹ́? Bàbá lè mú A, ìyá lè mú A, ọmọ á jẹ́ AA. Bàbá lè mú A kí ìyá mú S, tàbí kí bàbá mú S kí ìyá mú A, ọmọ á jẹ́ AS bíi tiwọn. Bàbá lè mú S kí ìyá náà mú S. Ọmọ á jẹ́ SS. Ọ̀nà mẹ́rin ni, ìkan nínú mẹ́rin náà ló já sí SS.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyí. A máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Àkọ́bí wa ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù á bọ́." Tàbí pé, "Ẹ̀mejì la ti bí, méjèèjì le koko, ti ẹ̀jẹ̀ yìí ò lè kàn wá mọ́." Ẹ jọ̀wọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rin tí a ń sọ kì í ṣe ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni fún oyún àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni fún oyún kejì. Ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ni fún oyún kẹfà. Gbogbo ìgbà tí oyún bá fẹ́ dúró ni bàbá àti ìyá tún ń mú tuntun láìwò. Oyún kejì kò mọ ohun tí oyún àkọ́kọ́ mú. Ìdí nìyẹn tí tọkọtaya AS méjì fi lè bí ọmọ márùn-ún kí ọ̀kankan má jẹ́ SS, tí àwọn mìíràn tí wọ́n jẹ́ AS bákan náà sì lè bí mẹ́ta kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ SS. Àwọn ti àkọ́kọ́ kò gbàdúrà ju àwọn ti ìkejì lọ.

Tí AA bá fẹ́ AS ńkọ́? Ọmọ wọn kò lè jẹ́ SS, nítorí gbogbo ọmọ ló máa gba A kan lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ AA. AA àti SS ńkọ́? AS ni gbogbo ọmọ wọn máa jẹ́, láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń mú mi ronú nípa àwọn ìyá wa àtijọ́. Ọmọ tó jẹ́ SS, tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, ara rẹ̀ máa ń le. Hìmóglóbìn tó ń lò nínú oyún ṣì wà lára rẹ̀, ìyẹn kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú S. Ó di nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí tọmọdé yẹn tó kúrò lára rẹ̀, kí hìmóglóbìn S tó gba ipò. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó, lójijì ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa ké tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Ibà á dé, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀. Kí ìyá tó sáré kan ọ̀dọ̀ babaláwo, ọmọ ti lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, òmíràn á dé, á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní èyí tó lọ ló padà wá. Wọ́n á kọ ọ́ lára kó lè dúró. Wọ́n á sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n á sọ ọ́ ní Dúrósinmí, wọ́n á sọ ọ́ ní Kòkúmọ́, Bánjókòó, Kásìmáawòó. Àwọn àgbà fúnra wọn ló sọ pé àbíkú sọ olóògùn dèké. Báwo ni olóògùn kò ṣe ní dèké, nígbà tó jẹ́ pé inú jíìnì ni ohun tó ń wá wà?

N kò sọ pé gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS o. Ìgbóná, èéyi, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ púpọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ ti ń kú léraléra, tí àwọn kan láàárín wọn sì ń le koko, tó sì jẹ́ pé ilé tó tẹ̀ lé e kò ní irú rẹ̀, ó bá ohun tí a mọ̀ nípa tọkọtaya AS méjì mu gan-an. Ta ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi? Ìyá ni. Wọ́n á ní òun ló rìn lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú oyún, òun ló gbé e wá láti inú igbó. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò sí bí ọmọ ṣe lè jẹ́ SS kó má gba S kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ìyá mú ọ̀kan wá, bàbá mú ọ̀kan wá. Àwọn obìnrin tí wọ́n lé kúrò nílé ọkọ nítorí èyí, ohun tí àwọn àti ọkọ jọ mú wá ni wọ́n nìkan rù.

Ìbéèrè kan á ti máa rìn nínú yín. Tí S bá burú tó báyìí, kí ló dé tí kò tíì tán nílẹ̀? Kí ló dé tó fi pọ̀ láàárín wa, tó jẹ́ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS? Ẹ̀fọn ló fà á. Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi ìwádìí tó ṣe ní ìlà-oòrùn Áfíríkà hàn pé ibà ẹ̀fọn kì í sábà pa ọmọdé tó jẹ́ AS bó ṣe ń pa ọmọ tó jẹ́ AA. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ìran wá. Ibà ń mú AA lọ. Fòníkú-fọ̀ladìde ń mú SS lọ. AS ń yè, ó ń dàgbà, ó ń bímọ, ó sì ń fi S lé ọmọ lọ́wọ́. Ibi tí ẹ̀fọn bá ti pọ̀ ni S ti pọ̀. Kì í ṣe àwa aláwọ̀ dúdú nìkan o. Ó wà ní Íńdíà, ó wà nílẹ̀ Lárúbáwá, ó wà ní Gíríìsì.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun wa gbé e lọ sí òdìkejì òkun. Bahia ní Brazil, ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, àìsàn náà wà níbẹ̀ púpọ̀. Ó wà ní Cuba, ó wà ní Amẹ́ríkà. Kódà Chicago ni James Herrick wà ní 1910 tó fi kọ ìròyìn àkọ́kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé yìí sínú ìwé àwọn oníṣègùn òyìnbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá láti erékùṣù Grenada láti kẹ́kọ̀ọ́ ló rí i lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìran ti kọjá lórí omi, omi òkun kò fọ̀ ọ́ kúrò. Ó ṣì wà ní odindi.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbòmíràn, nítorí àwọn ènìyàn a máa sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ bàbá ọmọ yìí lágbára ju ti ìyá rẹ̀ lọ." Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Álíìlì kan lè bo èkejì mọ́lẹ̀, ìyẹn kò sọ pé ó lágbára. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́ ti tó fún ara. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àfín. Jíìnì kan wà tó ń bá ara ṣe àwọ̀ dúdú. Ẹni tí ọ̀kan nínú méjì tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, dúdú ni, ó lè dàgbà dàrúgbó kó má mọ̀ pé òun gbé èyí tí kò ṣiṣẹ́ sára. Ọjọ́ tí irú rẹ̀ méjì bá fẹ́ra, tí bàbá mú èyí tí kò ṣiṣẹ́, tí ìyá náà mú èyí tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n bí àfín nìyẹn. Ìyá kò jẹ èèwọ̀. Bàbá kò ṣẹ òrìṣà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni irú ẹ̀jẹ̀ tí Karl Landsteiner kọ́kọ́ pín sọ́tọ̀ ní Vienna ní 1901, èyí tí à ń pè ní ẹ̀jẹ̀ A, B, AB, O. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ jẹ́nótáìpù, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Álíìlì mẹ́ta ló wà níbẹ̀: A, B àti O. A lè bo O mọ́lẹ̀, B lè bo O mọ́lẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ A ni, ó lè gbé O pamọ́ sí abẹ́ A yẹn. Ìyàwó rẹ̀ náà lè jẹ́ A, kó gbé O pamọ́. Tí àwọn méjèèjì bá mú O fún ọmọ, ọmọ á jẹ́ O. Mo mọ̀ pé ilé ti dàrú lórí èyí. Ọkọ á gba ìwé àyẹ̀wò ọmọ, ojú á korò, á ní, "Èmi A, ìwọ A, níbo lo ti rí O?" Bàbá mi, abẹ́ A tiyín ló ti jáde. Ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ pe ọmọ yín ní ọmọ àlè.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí ẹ lè ṣe. Igi gánńgán má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín kí ìfẹ́ tó wọra. Mo tiẹ̀ fẹ́ kí àwọn òbí ṣe é fún ọmọ nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, torí ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbéyàwó, tí wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn, tí wọ́n ti pín aṣọ ẹbí, ta ló fẹ́ gbọ́ pé AS ni àwọn méjèèjì? Ẹ ṣe é ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí àṣìṣe wà, àwọn kan sì wà tí wọ́n sọ fún pé AA ni wọ́n, ìgbà tí ọmọ dé ni wọ́n tó mọ̀ pé AS ni. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kó dúró fún oṣù mẹ́rin, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè dá sí i. Ẹ sì béèrè nípa C. Álíìlì C wà láàárín wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé S nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹni tó jẹ́ AC tó fẹ́ ẹni tó jẹ́ AS lè bí ọmọ SC, ìyẹn náà sì jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde, ó tilẹ̀ máa ń ba ojú jẹ́ púpọ̀.

Ẹni tó ti jẹ́ SS ńkọ́? Ẹ má sọ ìrètí nù lórí rẹ̀. Omi mímu dáadáa, ìdáàbòbò lọ́wọ́ ibà, àbẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn hydroxyurea tí dókítà bá kọ ọ́, ìwọ̀nyí ti mú kí ọ̀pọ̀ wọn dàgbà, kí wọ́n gboyè, kí wọ́n di òbí.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn lálẹ́ yìí: ṣé a lè wò ó sàn pátápátá? Ọ̀nà wà fún àwọn kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba owó gọbọi. Wọ́n lè gba mùdùnmúdùn egungun lára ẹbí tó bá a mu, kí wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì Benin, ní Benin City, ti ṣe é ní 2011. Ní ìparí ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy. Ńṣe ni wọ́n ń yọ sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aláìsàn, wọ́n á tún jíìnì kan ṣe nínú rẹ̀, kó lè máa ṣe hìmóglóbìn ìgbà oyún yẹn padà, wọ́n á sì dá a padà sí i lára.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Ẹni tó jẹ́ SS, tó gba mùdùnmúdùn egungun lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ AA, tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀, ìwé lè sọ pé AA ni. Kì í ṣe irọ́, torí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń ṣàn lára rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni àtúnṣe náà dé, kò dé ibi tí ọmọ ti ń wá. Tó bá ti fẹ́ bímọ, S ló máa mú fún ọmọ, torí S méjì tí wọ́n bí i pẹ̀lú rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lọ mọ jẹ́nótáìpù tirẹ̀, kó sì mọ̀ pé SS ni wọ́n bí àfẹ́sọ́nà òun, ohun yòówù kí ìwé tuntun máa sọ.